Ilé Onítáyà àti Odó Màmá

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí a kúrò ní Taradale, àdúgbò wa. Ní oṣù kẹfà, oòrùn ìlú Calgary máa ń tètè jí ju àwọn tó ni ilé lọ, nítorí náà bí mo bá sọ pé ilẹ̀ kò tíì mọ́, kí ẹ mọ̀ pé a tètè jáde lóòótọ́. Ọkọ mi, Bánjí, ti wà nídìí sítíárì. Ìyá rẹ̀ ti jókòó sídìí tábìlì inú ọkọ̀, wọ́n de bẹ́líìtì, wọ́n sì na ẹsẹ̀ òsì wọn sórí àga. Mòyín, ọmọ wa obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, ti padà sùn. Èmi nìkan ló kù níta, tí èmi àti odó jọ ń wo ara wa.

Odó iyán gidi ni, tí wọ́n fi igi gbẹ́. Ará Èkìtì kan tó kó kúrò ní Calgary ló fi sílẹ̀ fún wa, ó sì wúwo débi pé inú gáréèjì la máa ń fi í sí. Mo ti rò pé mo máa fọgbọ́n gbàgbé rẹ̀ sílé. Màmá yọ orí lójú fèrèsé.

"Ìyá Mòyín, ṣé ìsọmọlórúkọ la ń lọ àbí ìpàdé?" ni wọ́n bi mí. "Ọmọ Èkìtì ni a fẹ́ sọ lórúkọ. Ṣé poundo lẹ fẹ́ fún àwọn èèyàn jẹ ni?"

Kí ni mo fẹ́ wí? Mo gbé odó wọlé, mo fi í sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga, mo sì ń kùn lábẹ́ ahọ́n. A ti kó iṣu, a ti kó ìrẹsì, a ti kó kúlà ọbẹ̀ méjì. Màmá tún ní kí a bu omi kún táǹkì ọkọ̀ dé ẹnu, pé èèyàn kì í jáde nílé láìní omi lọ́wọ́. Gbogbo ojú ọ̀nà tí a fẹ́ gbà ló ní omi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi orí pọn omi rí kò ní gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Kamloops la ń lọ, ìlú kan ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, lẹ́yìn àwọn òkè ńlá. Fúnkẹ́, àbúrò ọkọ mi, ló bí ọmọkùnrin síbẹ̀. Adúmáadán ni èmi ń pe Fúnkẹ́, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, Kánádà kò yí ìyẹn padà. Ọ̀la ni ọjọ́ kẹjọ ọmọ. Màmá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti fún un lórúkọ, nítorí bàbá wọn ti kú, ọmọkùnrin àkọ́kọ́ tó sì máa wọ ilé lẹ́yìn rẹ̀ nìyí. Màmá kò sì lè wọ ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tí wọ́n dé láti Nàìjíríà ní oṣù kẹrin, ẹsẹ̀ wọn wú gan-an, dókítà sì kìlọ̀ pé wọn kò gbọ́dọ̀ jókòó pẹ́ láìna ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọkọ̀ tó ní ibùsùn àti ilé ìyàgbẹ́ ló yẹ wọ́n, a sì ní ọ̀kan.

Ẹ̀yin ará ilé lè máa bèèrè pé irú ọkọ̀ wo nìyẹn. Motorhome ni wọ́n ń pè é níbí. Ẹ fojú inú wo bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n kó ibùsùn, sítóòfù, fíríìjì àti ṣáláńgá sínú rẹ̀, tí àwọn òyìnbó máa ń wà lọ sínú igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti lọ jìyà tìdùnnú-tìdùnnú. Màmá sọ ọ́ ní ilé onítáyà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí.

A ra ilé onítáyà ní oṣù kẹta, nígbà tí snow ṣì wà lórí òrùlé rẹ̀. Ọdún yẹn ni owó epo rọ̀bì wó lulẹ̀. Ní Nàìjíríà, ohun tí epo ń ṣe ni kó wọ́n. Ní Calgary, bí epo bá pọ̀ tó sì rọjú, ẹkún ni, nítorí epo ló ń san owó ilé gbogbo èèyàn, títí kan ti ẹni tí kò fọwọ́ kàn án rí. Ọkùnrin kan tó ń gbé lódìkejì títì wa pàdánù iṣẹ́, ó fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, ó sì ń ta gbogbo ohun tó ní. Bánjí lọ kí i pé ó dàbọ̀, kọ́kọ́rọ́ motorhome ló sì mú bọ̀.

Inú bí mi débi pé n kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Engineer ni Bánjí ní iléeṣẹ́ epo kan ní downtown. Ní January, wọ́n pè é wọ yàrá kan, wọ́n fún un ní páálí kan kó kó ẹrù rẹ̀ sí. Layoff ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé kó máa lọ sílé. Nínú owó tí wọ́n fi lé e lọ ló ti ra ọkọ̀. Nígbà tí ohùn mi padà bọ̀, tí mo bi í léèrè ohun tó ń rò, ó ní, "Bí bank bá gba ilé, èyí á kù." Ìdáhùn yẹn dẹ́rù bà mí ju layoff fúnra rẹ̀ lọ.

Nígbà tí Màmá wá fẹ́ dé, ó bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ìtẹ́ríba rẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò rí i rí láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá á ga. Ó ní ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Adó, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ọmọ wọn ń wa epo ní Kánádà. Mo gbà. Mòyín náà gbà, ṣùgbọ́n kò gbà tán.

"So I'm supposed to lie to Grandma?" ló bi wá.

"It's not lying," ni Bánjí wí. "Ẹ kàn má dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀."

Bí a ṣe wá ń gbé nìyẹn. Láràárọ̀, ọkọ mi á wọ ṣẹ́ẹ̀tì, á gbé báàgì kọ́pá, á kúnlẹ̀. Màmá á gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n á gbàdúrà kí ọ̀gá rẹ̀ fi ojúure wò ó. Á sì wa ọkọ̀ kékeré wa lọ sí ibi tí a gba àyè sí fún ilé onítáyà lẹ́yìn Saddle Ridge, nítorí òfin ìlú kò gbà kó máa sùn síwájú ilé. Inú rẹ̀ ló ń jókòó sí títí di ìrọ̀lẹ́, tó ń fi laptop wá iṣẹ́. Èmi ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù, mo sì ń gba iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì tó fẹ́ sinmi kún un. Ó rẹ̀ mí. N kò ní purọ́ fún yín, ó rẹ̀ mí gan-an, ó sì ń ṣe mí bíi pé kí n pariwo ní gbogbo ìgbà tí Màmá bá dárúkọ ọ̀gá yẹn nínú àdúrà.

Nítorí náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a gbéra yìí, kì í ṣe ọ̀nà ni mò ń bẹ̀rù. Ẹnu ni mò ń bẹ̀rù. Ìrìn àjò ọjọ́ méjì-mẹ́ta nínú yàrá kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìyá tó máa ń béèrè ìbéèrè, àti ọmọ tí kò mọ irọ́ pa.

A gba Stoney Trail já sí Highway 1, a kọrí sí ìwọ̀ oòrùn. Òkè kọ́kọ́ fara hàn bí aṣọ aláwọ̀ eérú tí wọ́n sá sí òpin ayé, lẹ́yìn náà ló wá ń ga, títí ó fi yí wa ká. Snow ṣì wà lórí rẹ̀ ní oṣù kẹfà. Ọ̀nà náà tẹ́jú, kò sí kòtò kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ilé onítáyà ń dún bí àpótí àwo. Bí a bá yà díẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù á ṣí, ife á já bọ́.

Níbi géètì ọgbà ìjọba ní Banff, Màmá rí àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì tètè ṣí pọ́ọ̀sì.

"Bánjí, mélòó lẹ máa ń fún wọn?"

"Màmá, kì í ṣe checkpoint. Àwa ń kọjá lọ ni, a ò san nǹkan kan."

"Wọn ò gba nǹkan kan? Kí ni wọ́n wá dúró ṣe níbẹ̀?"

Lẹ́yìn ibẹ̀, a rí bíríìjì kan tí koríko àti igi hù lé lórí. Mòyín ṣàlàyé pé ẹranko ni wọ́n kọ́ ọ fún, kí ìkookò àti béárì lè sọdá láìjẹ́ pé ọkọ̀ gbá wọn. Màmá wo ẹ̀yìn títí bíríìjì náà fi pòórá. Wọ́n ní ní ìlú àwọn, èèyàn ṣì ń fi ẹsẹ̀ wọ́ odò kọjá lọ sóko, ẹranko Kánádà ti ń gun bíríìjì. A rẹ́rìn-ín dáadáa. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ní Lake Louise la ti dúró ra epo. Epo ní àárín òkè wọ́n ju ti Calgary lọ dáadáa, táǹkì ilé onítáyà kò sì ní ìsàlẹ̀. Mo rí Bánjí níta tó ń wo nọ́ńbà tó ń sáré lójú ẹ̀rọ. Kò jẹ́ kó kún, ó dá a dúró láàárín méjì. Nígbà tó wọlé, Màmá ń wò ó.

"Bánjí, ṣé iléeṣẹ́ yín kì í fún yín ní epo ni? Ẹ̀yin tí ẹ ń wà á."

"Wọ́n ń fún wa, Màmá. Ti iṣẹ́ nìkan ni."

Mòyín wò mí. Mo wo ilẹ̀. Mo bu ráìsì fún gbogbo wa kí ẹnu lè rí nǹkan mìíràn ṣe.

Kété lẹ́yìn Lake Louise, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́ wálẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pé ariwo ẹ́ńjìnnì ti rọlẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan là ń gbọ́. Mo wo ọwọ́ Bánjí. Ó ti gbé gíà sí N.

Níwájú Màmá, ẹ ni mo máa ń pe ọkọ mi. "Dádì Mòyín, kí lẹ ṣe yẹn?"

"Fíríì ni," ó wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá mi máa ń ṣe é lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, pẹ̀lú kòkó lẹ́yìn lọ́rì. Gravity is free, jàre. Wo bí epo ò ṣe lọ."

Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ ọkọ̀ èrò ní ilé mọ ohun tó ń sọ. Bí awakọ̀ bá dé orí òkè, á yọ gíà, á jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí bọ̀ fúnra rẹ̀ kí epo má baà tán. Mo ti wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. N kò bá a jiyàn. A sọ̀kalẹ̀ dé ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Field láìsí wàhálà, Bánjí na ìka sí ọ̀pá epo, abẹ́rẹ́ tó ń fi ìwọ̀n epo hàn, pé kí n wò ó bó ṣe dúró síbì kan. Ó pẹ́ tí mo ti rí i kí ojú rẹ̀ tàn bẹ́ẹ̀. Mo fi í sílẹ̀.

Òkè tó kẹ́yìn kí a tó dé ìlú Golden kò rí bíi ti Field. Gíga rẹ̀ pọ̀, gígùn rẹ̀ pọ̀, ó sì ń yí bí ejò. Lórí rẹ̀, àkọlé kan ní kí tírélà dúró yẹ bíréèkì wọn wò. Bánjí ní ti tírélà nìyẹn. A kọjá, ó sì tún gbé gíà sí fíríì.

Mòyín ló kọ́kọ́ gbóòórùn. "Mummy, something's burning."

Mo dìde, mo yẹ sítóòfù wò. Ó tutù. Mo yẹ kúlà ọbẹ̀ wò. Nígbà tí mo padà síwájú, mo rí i pé Bánjí ti na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ pátápátá, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ léraléra.

"Bíréèkì yìí ti rọ̀," ó wí jẹ́jẹ́.

"Ó rọ̀ báwo?"

Èéfín funfun ń jáde lábẹ́ ọkọ̀, mo rí i nínú díńgí. Níwájú wa, tírélà onígi kan ń rọra lọ, à ń sún mọ́ ọn kíákíá. Ní ọwọ́ ọ̀tún, àfonífojì ni, odò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò tóbi ju okùn lọ. Mo gbàgbé “ẹ”, mo gbàgbé “Dádì Mòyín”.

"Bánjí, gbé e sí gíà! Gbé e sí gíà!"

Ó fa gíà wálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ké bí ẹlẹ́dẹ̀, ọkọ̀ mì tìtì, àwo fò jáde ní kọ́bọ́ọ̀dù, omi inú táǹkì ń gbá wa síwá sẹ́yìn. A dín eré kù. A yà fún tírélà, afẹ́fẹ́ ló kù láàárín wa. Ó tún fa gíà sí ìsàlẹ̀ pátápátá, a tún dín eré kù, ṣùgbọ́n a kò dúró. Ó fa bíréèkì ọwọ́, bíi pé ó fa òfo. Màmá ń pe Jésù lẹ́yìn mi, Mòyín ti gbá wọn mú.

Lẹ́yìn náà la rí ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí fún àwọn tó bá fẹ́ dúró wo òkè. Bánjí yà síbẹ̀. Eré wa ti lọ sílẹ̀, ẹni tó ń rìn kíá lè bá wa dọ́gba, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ́. Ní òpin rẹ̀, òkúta kéékèèké mẹ́rin ni wọ́n tò, lẹ́yìn wọn, ojú ọ̀run. Ó gbìyànjú láti gbé gíà sí P kí ọkọ̀ lè dúró. Gíà náà ń dún kàràkàrà, kò wọlé.

"Ìyàwó!" Ohùn Màmá já lù mí. Ohùn yẹn kì í ṣe ti ẹni tó ń gbàdúrà mọ́. "Odó! Gbé odó sí táyà!"

N kò rò ó. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Mòyín ti tú okùn, ó yí odó náà sí mi lọ́wọ́. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo ṣubú, mo dìde, mo gbé ohun tí agbára káká ni mo fi gbé láàárọ̀, mo sì ń sá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

"Táyà ẹ̀yìn! Má dúró níwájú rẹ̀! Ẹ̀gbẹ́ ni kí o wà! Ẹ̀gbẹ́!"

Mo jù ú síwájú táyà, mo fò sẹ́yìn. Táyà gbá odó, ó tì í, odó ń wọ́ ilẹ̀ nínú òkúta wẹ́wẹ́. Ó wá dojú dé, táyà gun orí rẹ̀ díẹ̀, igi náà dún gbà! Ọkọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró.

Fún ìgbà díẹ̀, omi inú táǹkì nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọkọ mi. N kò ní kọ ohun tí mo sọ. Bánjí sọ̀kalẹ̀, ó wá sọ́dọ̀ mi, ojú rẹ̀ funfun bí eérú, mo lù ú ní àyà, mo sì fi orí mi síbẹ̀, mo sunkún.

Awakọ̀ tírélà tí a yà fún dúró. Òyìnbó arúgbó kan ni, ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́ rẹ̀. "You folks okay?" ó bèèrè. Ó wo èéfín, ó wo odó, ó tún wo odó. "What gear were you in?"

Ọkùnrin náà ní kí a má da omi sí bíréèkì, kí a jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, ó kọ́ wa ní ọ̀nà ilé mẹkáníìkì kan ní Golden, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Màmá ti jókòó sí àtẹ̀gùn ilẹ̀kùn. Mo di ọwọ́ wọn mú, mo ka ìlù ọkàn wọn. Ó ń sáré, ṣùgbọ́n kò burú. Ti èmi ló burú.

"Kí ni òyìnbó yẹn bèèrè?"

Mòyín ló dáhùn, pẹ̀lú Yorùbá tó ń kọsẹ̀. "Ó ní, gear wo ni Daddy ń use."

Màmá mi orí. "Bánjí, wá jókòó síbí. Ta ló kọ́ ẹ ní fíríì?"

"Bàbá ni, Màmá. Mo máa ń jókòó tì wọ́n níwájú lọ́rì."

"Níwájú lo wà. Ta ló wà lẹ́yìn?"

Bánjí wo ìyá rẹ̀. Ó hàn pé kò rò ó rí láyé rẹ̀.

"Èmi ni," ni Màmá wí. "Nígbà tí a ò rí owó san fún mọ́tò-bọ́ọ̀yì mọ́, èmi ni mo rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn lọ́rì pẹ̀lú igi tí a fi ń há táyà. Oyún Fúnkẹ́ wà nínú mi. Bí bàbá yín bá ti gbá ilẹ̀kùn, mo ti bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ń kọrin níwájú, ẹ ò mọ̀."

Afẹ́fẹ́ fẹ́. Tírélà mìíràn kọjá. Màmá kò tíì parí.

"Kì í sì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń ṣe é o. Bàbá yín ò fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rù máa ń bà á. Ọjọ́ tí kò bá sí owó epo nìkan ló ń yọ gíà." Wọ́n yí ojú sí ọmọ wọn. "Bánjí, láti ìgbà wo ni iṣẹ́ ti bọ́?"

Bánjí wò mí. Èmi náà wo òkè. Gbogbo ohun tí a fi pa mọ́ láti oṣù kẹrin, àdúrà òwúrọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì, báàgì, ó tú jáde lórí òkúta wẹ́wẹ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́.

"January, Màmá."

Mo tún di ọwọ́ wọn mú, mò ń retí kí ìlù yẹn fò sókè. Kò fò. Wọ́n wá bi í pé, "Ọ̀gá wo wá ni mò ń gbàdúrà fún láràárọ̀?"

Mòyín ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Bánjí fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́ sí. N kò rí omijé ọkọ mi rí, kódà ní oṣù January. Màmá fi igun ìró wọn nù ún lójú, bí ẹni tó ń nu ọmọdé.

"Iṣẹ́ tó bọ́ kò dùn mí," ni wọ́n wí. "Iṣẹ́ bàbá yín bọ́ lẹ́ẹ̀mejì, a jẹun. Ohun tó dùn mí ni pé o gbé mi jókòó síwájú bí àlejò, o wá fi ìyàwó rẹ nìkan sílẹ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú igi."

Èmi náà tún sunkún. Kì í ṣe ti ẹ̀rù mọ́.

Nígbà tí bíréèkì tutù, Màmá fúnra wọn ló ní kí a da omi táǹkì nù. A ṣí i, ó ń ṣàn lọ láàárín òkúta fún ìgbà pípẹ́. Bánjí ti gíà bọ ọ̀kan, a sì rìn bí ìgbín dé Golden. Mẹkáníìkì tú àwọn táyà, ó pààrọ̀ ohun tó jóná, ó sì gba owó tó lè ra àgbò méjì nílé. A sùn síwájú ilé iṣẹ́ rẹ̀ nínú ilé onítáyà. Mo pe Adúmáadán pé a ò ní lè bá wọn ní àárọ̀. Ọkọ rẹ̀ gba fóònù, ó ní àwọn ti sọ fún pastor pé ọmọ náà kò kánjú.

Ọ̀sán la dé Kamloops. Ọmọ ń sùn, àlejò ń dúró, ebi ń pa wọ́n. Odó náà ti là láti ìdí dé àárín, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ṣì pé. Bánjí fi ẹsẹ̀ méjèèjì há a kó má baà fì, èmi àti ìyá ọkọ Adúmáadán gún iyán nínú rẹ̀. Màmá fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n fi iyọ̀ kàn án, wọ́n sì pè é ní Babátúndé. Ohùn wọn kò gbọ̀n. Lẹ́yìn oúnjẹ, ọ̀kan nínú àwọn àlejò bi Bánjí pé báwo ni oil ní Calgary.

"Wọ́n ti ní kí n máa lọ sílé láti January," ó wí, ó sì tún bu iyán.

Mo gbọ́ ọ láti kíṣìnnì. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, inú mi dùn bíi pé wọ́n fún un níṣẹ́.

Ọ̀nà kan náà la gbà padà. Òkè tó fẹ́ pa wá, a gùn ún lọ sókè báyìí, kò sì lágbára lórí wa. Níbi tí a bá ti ní láti sọ̀kalẹ̀, gíà ìsàlẹ̀ ni, ẹ́ńjìnnì ń ké, tírélà ń kọjá wa, epo ń lọ, Bánjí kò wo ọ̀pá epo. Odó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, a kò fi okùn so ó. Nígbà tí a dé ojú òkúta wẹ́wẹ́ yẹn, ní òdìkejì ọ̀nà, èmi àti Mòyín wò ó títí a fi kọjá.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí a wọ Taradale. Títì wa dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀, n kò ṣàkíyèsí rẹ̀ rí. Bánjí gbé gíà sí P, ó fa bíréèkì ọwọ́, ó sì jókòó síbẹ̀, kò pa ẹ́ńjìnnì.

"Ìyá Mòyín, jọ̀ọ́," ó wí.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo gbé odó sí abẹ́ táyà ẹ̀yìn. Ó wá bá mi níbẹ̀, òun náà fi ẹsẹ̀ tì í kó lè wọlé dáadáa.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò pọ̀. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé ẹni tó wà níwájú kì í rí ẹ̀yìn bí kò bá yí orí padà, àti pé mo lè sá eré pẹ̀lú odó lọ́wọ́. Iṣẹ́ kò tíì dé. Ilé onítáyà ṣì wà, n kò tíì pinnu bóyá mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá Màmá nídìí tábìlì pẹ̀lú ògì àti àkàrà. Ẹsẹ̀ Bánjí dún lórí àtẹ̀gùn. Mo wò ó kó tó wọlé tán. Kò wọ ṣẹ́ẹ̀tì. Búbá ilé ló wọ̀, bàtà kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n sì gbàdúrà fún un pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà, ó fa àga fún mi, ó ní kí n jókòó, ó sì lọ bu ògì wá fún mi.